Nǹkan ọkùnrin mi kò dúró mọ́ láti oṣù 8 sẹ́yìn: kí ni àwọn dókítà máa ń ṣe bí a bá dé ọ̀dọ̀ wọn?

Baba Ìbejì Agric (ọjọ́ Àìkú, aago 9:40 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí, n kì í sì í dá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí ti sú mi í dá gbé. Ọmọ ọdún 47 ni mí. Agric ní Ìkòròdú ni ilé mi wà, iṣẹ́ jórinjórin ni mo sì ń ṣe ní Òdógunyàn.

Láti nǹkan bí oṣù 8 sẹ́yìn ni nǹkan ọkùnrin mi kò ti dúró bó ṣe yẹ mọ́. Níbẹ̀rẹ̀, yóò dìde, àmọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, á ti rọ̀. Ní báyìí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í tilẹ̀ dìde rárá. Ìyàwó mi kò bú mi, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ kan, ó kọ ojú sí ògiri, ó ní kí n sọ òótọ́ fún òun, ṣé mo ti ní ẹlòmíràn níta ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, nítorí kò sí ẹnì kankan.

Mo ti mu agbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n ń tà ní Sábó fún oṣù mẹ́ta gbáko, ti omi àti ti ọtí. Ẹnì kan ta oògùn oníhóró búlúù fún mi ní gáréèjì. Ọjọ́ tí mo lò ó, ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n orí fọ́ mi bí ìgbà tí wọ́n ń lu irin nínú rẹ̀, àyà mi sì ń já, ni mo bá da èyí tó kù nù. Ọ̀gá mi àtijọ́ ní kí n lọ wádìí lọ́dọ̀ aláwo, pé ayé ló ń bá mi jà.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, bí mo bá lọ sí ọsibítù, kí ni wọn yóò ṣe fún mi gan-an? Ṣé wọn yóò ní kí n bọ́ṣọ? Ṣé dandan ni kí ìyàwó mi tẹ̀ lé mi? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kí ó ṣàlàyé fún mi. Ojú ń tì mí púpọ̀.

Dókítà Ẹ̀bá Ọ̀sà (ọjọ́ Àìkú, aago 11:05 alẹ́)

Baba Ìbejì, ẹ kú àfaradà. Dókítà ni mí, ẹ̀ka tó ń rí sí ètò ìtọ̀ àti nǹkan ọkùnrin ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Kí n tó dáhùn ìbéèrè yín, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ká mi lára jù: ẹ má ka ọ̀rọ̀ yìí sí ọ̀rọ̀ ibùsùn nìkan. Bí ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún bá jókòó níwájú mi, tó ní nǹkan òun kò dìde mọ́, ọkàn rẹ̀ àti òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rò.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nǹkan ọkùnrin kò ní egungun. Ọ̀pá méjì tó rí bíi fóòmù tó ń mu omi ló wà nínú rẹ̀. Bí ìfẹ́ bá dé, tàbí bí ọwọ́ bá kàn án, ọpọlọ yóò ránṣẹ́ gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn, àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára yóò tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní nitric oxide sílẹ̀, èròjà yìí yóò sì mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ tó wọ ibẹ̀ sọ ara kalẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè ya wọlé. Bí fóòmù méjèèjì bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, wọn yóò tẹ àwọn òpó kéékèèké tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde pa, ẹ̀jẹ̀ yóò há síbẹ̀, nǹkan náà yóò sì le. Iṣẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta ará Amẹ́ríkà, Robert Furchgott, Louis Ignarro àti Ferid Murad, ṣe lórí èròjà yìí ni wọ́n fi gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1998.

Òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ nǹkan ọkùnrin kò fẹ̀ ju mílímítà 1 sí 2 lọ. Èyí tó ń bọ́ ọkàn tó mílímítà 3 sí 4. Nítorí náà, bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, sìgá tàbí ọ̀rá bá ń ba ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́ jákèjádò ara, èyí tó tín-ín-rín ni yóò kọ́kọ́ ké gbàjarè, ó sì lè jẹ́ ọdún mélòó kan kí ọkàn tó fi tirẹ̀ hàn. Èyí ló ń bà mí nínú jẹ́ bí mo bá rí ẹni tó fi ọdún mẹ́ta mu agbo kiri, tó jẹ́ pé àyà dídùn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa níkẹyìn. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ní ti ohun tí a máa ń ṣe, ìbéèrè ló pọ̀ jù níbẹ̀. A ó béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bóyá ó dé lójijì ni tàbí díẹ̀díẹ̀. Bóyá ìfẹ́ sí obìnrin ṣì wà lọ́kàn yín. Bóyá ìdìde ni ìṣòro tàbí àtọ̀ ló ń tètè dà. Bóyá nǹkan náà ṣì máa ń dìde fúnra rẹ̀ ní ìdájí. Ìbéèrè ti ìdájí yìí wúlò púpọ̀. Bí ó bá ń le dáadáa nígbà tí ẹ bá fẹ́ jí, ó jọ pé òpó ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ṣì pé, a ó sì túbọ̀ wádìí ọ̀rọ̀ ọkàn, àníyàn àti ohun tó wà láàrin tọkọtaya. Bí ti ìdájí náà bá ti lọ, inú ara ni a ó ti kọ́kọ́ wá a. A ó béèrè gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, ọtí, sìgá, iṣẹ́ abẹ tí ẹ ti ṣe rí, àti oorun yín. Ìwé kan wà tí ìbéèrè márùn-ún péré wà nínú rẹ̀, tí ẹ ó fi máàkì dáhùn nípa oṣù mẹ́fà tó kọjá. Máàkì 25 ni ó pé. Bí ó bá jẹ́ 21 tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, ìṣòro wà. Bí kò bá ju 7 lọ, ó ti le gan-an.

Lẹ́yìn náà ni a ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín, a ó wọn ìbàdí, a ó sì yẹ ara wò. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ó bọ́ ṣòkòtò, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. A fẹ́ mọ̀ bóyá kórópọ̀n méjèèjì tóbi bó ṣe yẹ, bóyá kókó líle kan wà lára nǹkan ọkùnrin tó lè mú un tẹ̀, bóyá ọmú wú, bóyá irun ara ń dín kù. Fún ẹni tó bá ti dàgbà tàbí tí ìtọ̀ ń yọ lẹ́nu, a lè fi ìka yẹ próstéètì wò, ìyẹn ohun kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Kò sẹ́ni tí yóò fi yín ṣẹ̀sín. Iṣẹ́ òòjọ́ wa ni.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a sábà máa ń béèrè ni ṣúgà láìjẹun, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ kíndìnrín, àti testosterone, ìyẹn họ́mọ̀nù ọkùnrin. Àárọ̀ ni a ń gba ẹ̀jẹ̀ fún testosterone, kí aago mọ́kànlá tó lù, nítorí ó máa ń lọ sílẹ̀ bí ọjọ́ bá ṣe ń rọ̀. Bí ó bá kéré, a kì í gba ẹ̀ẹ̀kan gbọ́, a ó tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn. Àyẹ̀wò tí a fi ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú nǹkan ọkùnrin náà wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló nílò rẹ̀.

Kò di dandan kí ìyàwó yín bá yín wá. Ṣùgbọ́n nítorí ìbéèrè tó bi yín lóru yẹn, èmi á fẹ́ kí ó wá.

Ìyá Ẹlẹ́wé (ọjọ́ Ajé, aago 6:50 àárọ̀)

Dókítà, mo kí yín. Ewé àti egbò ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin, ọwọ́ ìyá mi ni mo sì ti kọ́ ọ. Mi ò wá bá yín jà, ṣùgbọ́n àwọn baba wa ní jẹ̀díjẹ̀dí ló ń pa ale ọkùnrin, àti pé ohun dídùn ló ń fà á. Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa ni? Ẹ má ba tiwa jẹ́ nítorí pé ẹ ń ta tiyín.

N óò sì sọ òótọ́ kan tí àwọn ẹgbẹ́ mi kò ní fẹ́ kí n sọ. Àwọn kan wà tí wọ́n ń lọ oògùn òyìnbó oníhóró búlúù yẹn mọ́ àgúnmu, tí wọ́n á sì ní ewé ló ń ṣe é. Ẹni tó bá mu àgúnmu tó gbéra láàrin wákàtí kan, kí ó fura.

Dókítà Ẹ̀bá Ọ̀sà (ọjọ́ Ajé, aago 1:20 ọ̀sán)

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́. Àwọn àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní ilẹ̀ òkèèrè ti bá sildenafil, ìyẹn oògùn inú hóró búlúù yẹn, nínú irú àgúnmu bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tó ṣe é kò sì kọ ọ́ sára páálí. Ewu rẹ̀ ni pé ẹni tó mu ún kò mọ iye tó wà níbẹ̀, kò sì mọ̀ pé oògùn ọkàn tí òun ń lò lè bá a jà. Ohunkóhun tí a bá fi páálí dì tà, kí a wá nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀.

Ní ti jẹ̀díjẹ̀dí, òpó ẹ̀jẹ̀ tó wú ní ìdí ni. Ó ń rinni lára, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ wá, ṣùgbọ́n kì í dí ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí iwájú lọ́wọ́. Síbẹ̀, n kò ní sọ pé àwọn baba wa kò rí nǹkan kan. Wọ́n rí ọkùnrin tó ń tọ̀ ṣáá, tí èèrà ń tọ ìtọ̀ rẹ̀, tí ale rẹ̀ sì ń lọ, wọ́n wá ní ohun dídùn ló fa á. Ìtọ̀ ṣúgà ni wọ́n rí. Ó ń ba òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ó sì tún ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́, ibi méjèèjì tí ìdìde ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn ni pé agbo jẹ̀díjẹ̀dí kò wo ìtọ̀ ṣúgà, èyí tí wọ́n sì fi ọtí líle rẹ ń dá kún ìṣòro, nítorí ọtí àmupara fúnra rẹ̀ ń mú nǹkan ọkùnrin rọ.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ẹ̀pẹ́ (ọjọ́ Ajé, aago 4:15 ìrọ̀lẹ́)

Ohun tí dókítà sọ yìí, ara mi ni mo ti rí i. Ọmọ ọdún 63 ni mí báyìí. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni tèmi bẹ̀rẹ̀, mo sì rò pé ọjọ́ orí ni. Mo ń jí tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóru, mo ń gbẹ, ẹsẹ̀ ń ta mí bí ẹni tó tẹ yanrìn gbígbóná, n kò so gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ọjọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà, nítorí nǹkan ọkùnrin ni mo ṣe lọ. Lẹ́yìn ìbéèrè, ó ní kí n bọ́ bàtà. Ẹnu yà mí, torí kì í ṣe ẹsẹ̀ ni mo gbé wá. Ó mú okùn ọ̀rá kan, tó rí bíi okùn tí àwọn apẹja wa ń lò níbí, ó ní kí n di ojú, kí n máa sọ ìgbà tí ó bá kàn mí ní àtẹ́lẹsẹ̀. Mo di ojú, mo ń retí. Nígbà tí mo la ojú, ó ti fi kàn mí ní ibi mẹ́fà. Méjì péré ni mo mọ̀. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá, bí ẹsẹ̀ kò bá mọ ìgbà tí wọ́n fọwọ́ kàn án, ẹ má bínú sí nǹkan ọkùnrin yín." Ṣúgà mi láìjẹun jẹ́ 243 lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀, bí ó bá ti tó 126 ni wọ́n ń pè é ní ìtọ̀ ṣúgà.

Baba Ìbejì, ẹ lọ. Bí mo bá tètè lọ ni, iṣan ẹsẹ̀ mi ì bá má bàjẹ́ tó báyìí.

Apoògùn Àgbádárìgì (ọjọ́ Ajé, aago 8:30 alẹ́)

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí hóró búlúù tí Baba Ìbejì rà ní gáréèjì, nítorí ojoojúmọ́ ni àwọn ọkùnrin ń wọ ilé oògùn mi, tí wọ́n á dúró títí gbogbo oníbàárà á fi lọ, tí wọ́n á wá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Sildenafil ni orúkọ oògùn náà. Àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Pfizer ní ìlú Sandwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá oògùn fún àyà dídùn tó ń ti ọkàn wá ni, wọ́n sì rí i pé àwọn ọkùnrin tó gbà láti dán an wò ń sọ pé nǹkan àwọn ń dìde. Oṣù Kẹta ọdún 1998 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Kì í dá ìfẹ́ sílẹ̀ lọ́kàn, kì í sì í mú nǹkan dìde bí ìfẹ́ kò bá sí. Ara ní èròjà kan tó máa ń pa iná ìdìde. Oògùn yìí ń dí èròjà yẹn lọ́wọ́, kí ohun tí nitric oxide bẹ̀rẹ̀ lè pẹ́.

Ọ̀pọ̀ tó ní kò ṣiṣẹ́ fún àwọn, wọn kò lò ó bó ṣe yẹ ni. Wọ́n á jẹ àmàlà pẹ̀lú ẹran ọlọ́ràá, wọ́n á lò ó lórí rẹ̀, oúnjẹ ọlọ́ràá sì máa ń fà á sẹ́yìn. Wákàtí kan ṣáájú ni kí a lò ó, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́jọ́. Mílígírámù 25, 50 àti 100 ló wà. Dókítà ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí 50, tàbí 25 fún àgbàlagbà. Orí fífọ́, ojú gbígbóná, imú dídí àti inú rírun jẹ́ ohun tó wọ́pọ̀. Tadalafil, tó dé lẹ́yìn rẹ̀, lè ṣiṣẹ́ tó wákàtí 36.

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: ẹni tó ń lo oògùn àyà dídùn tó jẹ́ ọ̀wọ́ nitrate, bíi isosorbide tàbí èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n, kò gbọdọ̀ fẹnu kan sildenafil tàbí tadalafil láéláé. Ìfúnpá rẹ̀ yóò já wálẹ̀, ó sì lè gbabẹ̀ kú. Ẹni tó ń lo oògùn próstéètì bíi tamsulosin gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí ó tó lò ó. Olóògùn gáréèjì kò ní bi yín ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Ẹni tí nǹkan rẹ̀ bá sì le kọjá wákàtí mẹ́rin, ọsibítù ló kàn, kì í ṣe ilé. Àwọn tó ní arómọléegun, ìyẹn sickle cell, mọ ìrora yẹn, ó máa ń ṣe wọ́n láìlo oògùn kankan, bí a bá sì fi jáfara, ó lè ba nǹkan ọkùnrin jẹ́ títí ayé.

Ìyàwó Ilé, Èbúté (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 10:10 àárọ̀)

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè, obìnrin ni mí. Ọkọ mi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ẹnì kan sọ fún un pé oògùn náà ló ń pa á, ó bá jù ú nù láìsọ fún mi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu níbi tó ti ń jẹ ẹ̀bà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè gbé òkèlè. Ọlọ́run ló yọ wá. Ìfúnpá rẹ̀ lọ́jọ́ náà jẹ́ 210 lórí 120.

Lẹ́yìn tí ara rẹ̀ balẹ̀ ni mo fẹnu ara mi sọ fún dókítà ìdí tó fi jù ú nù. Dókítà yẹn kò bínú. Ó ní òótọ́ ni pé àwọn oògùn kan, bíi atenolol àti àwọn tó ń mú ni tọ̀, lè dá sí i, pé ká ní ó sọ ni, wọn ì bá ti pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n fún un ní losartan dípò rẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin, àwa ìyàwó yín kò fẹ́ kí ẹ kú nítorí ibùsùn.

Ọmọ Sábó (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 11:55 alẹ́)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ọmọ ọdún 26 ni mí, oṣù kejì ìgbéyàwó mi nìyí. Tèmi máa ń le bí irin ní ìdájí, ó sì máa ń dára bí mo bá dá wà, ṣùgbọ́n bí èmi àti ìyàwó mi bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù á bà mí, á sì rọ̀. Nígbà tí kò bá rọ̀, kò ní pé ìṣẹ́jú kan tí àtọ̀ á fi dà. Ọ̀rẹ́ mi níbi tí a ti ń gbé irin ní kí n gba abẹ́rẹ́ testosterone, pé yóò sọ mí di akọ. A sì ń wá ọmọ.

Dókítà Ẹ̀bá Ọ̀sà (ọjọ́rú, aago 7:00 àárọ̀)

Àbúrò, má gba abẹ́rẹ́ náà. Bí testosterone bá ti ìta wọlé, ọpọlọ yóò rò pé ó ti tó, kò ní ránṣẹ́ sí kórópọ̀n mọ́, àtọ̀ rẹ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí igẹ̀ wọn fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, tí a kò rí irúgbìn ẹyọ kan nínú àtọ̀ wọn. Ẹni tí àyẹ̀wò àárọ̀ ọjọ́ méjì fi hàn pé tirẹ̀ kéré, tí àmì rẹ̀ sì wà lára rẹ̀, ni ó wà fún, bí kò bá sì ń wá ọmọ lọ́wọ́.

Ohun tí o kọ nípa ìdájí fi hàn pé ó jọ pé ara rẹ pé. Ẹ̀rù ló ń ṣe é, ẹ̀rù kì í sì í ṣe ìròkurò: bí àyà bá ń já, ara á tú èròjà ìjà àti ìsá sílẹ̀, èròjà yìí ló sì ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ pọ̀. William Masters àti Virginia Johnson ní Amẹ́ríkà kọ́ àwọn tọkọtaya ní ọ̀nà kan tí a ṣì ń lò: kí ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan pé fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ kò ní ní ìbálòpọ̀ rárá, ẹ ó kàn máa fọwọ́ kan ara yín, láìsí ìdánwò tí ẹnikẹ́ni máa yege tàbí kùnà. Àwọn tó ṣe é mọ bí ara ṣe ń balẹ̀. Ní ti àtọ̀ tó ń tètè dà, bí ó bá ti fẹ́ dé, ẹ dúró, kí ó lọ sílẹ̀, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó parí. Oògùn tí a ń lò àti ìpara tó ń dín ìmọ̀lára kù náà wà, ṣùgbọ́n kí dókítà kọ ọ́.

Ẹnì kan kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀ pé, bí hóró oògùn kò bá ṣiṣẹ́, ṣé ó parí nìyẹn? Kò parí. Pọ́ǹpù kan wà tí a fi ń fa ẹ̀jẹ̀ wọlé, tí a ó wá fi òrùka rọ́bà dì í nídìí, kò sì gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 30. Abẹ́rẹ́ alprostadil wà, tí ọkùnrin yóò kọ́ bí yóò ṣe fi gún ẹ̀gbẹ́ nǹkan ọkùnrin fúnra rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà tín-ín-rín, kò dunni tó bí ẹ ti rò, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ tí hóró kò ràn lọ́wọ́. Iṣẹ́ abẹ ló kẹ́yìn, tí a ó fi ọ̀pá sínú rẹ̀. Láti ọdún 1973 ni èyí tí a ń fi omi kún ti wà. Ó wọ́n, kò sì ṣeé yí padà. Àwọn ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Ìdí-Àràbà àti Ìkẹjà ní àwọn ògbógi tó lè sọ ẹni tó yẹ fún. Ṣùgbọ́n kí a tó débẹ̀, sìgá ni kí a kọ́kọ́ pa, ìrìn kánmọ́kánmọ́ ìṣẹ́jú 40 lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ sì ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ kò gbà gbọ́ àfi ìgbà tí wọ́n ṣe é fún oṣù mẹ́fà.

Baba Ìbejì Agric (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án)

Ẹ̀yin ará mi, mo padà wá. Mo lọ. Ìyàwó mi bá mi lọ, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ìfúnpá mi jẹ́ 168 lórí 104, ṣúgà láìjẹun jẹ́ 171. N kò mọ̀ pé mo ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Wọ́n bi mí léèrè ti ìdájí, mo ní ó ti lọ láti ìgbà òjò èṣí. Ìwé ìbéèrè márùn-ún yẹn, máàkì 9 ni mo gbà. Wọ́n ní kí n bọ́ ṣòkòtò, ẹ̀yin èèyàn mi, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Testosterone mi pé. Wọ́n yẹ ọkàn mi wò lórí ẹ̀rọ, ó dára.

Dókítà kò kọ oògùn ìbálòpọ̀ fún mi lọ́jọ́ náà, inú sì bí mi díẹ̀. Ó ní ìfúnpá ni a ó kọ́kọ́ mú wálẹ̀. Ó kọ metformin fún ṣúgà àti oògùn ìfúnpá, ó ní kí n dín ẹ̀bà kù sí ìwọ̀n ìkúùkù mi, kí n sì fi ọtí sílẹ̀. Ó wá yíjú sí ìyàwó mi, ó fi ìwé àyẹ̀wò hàn án, ó fi ìka tọ́ka sí 171, ó ní, "Màmá, obìnrin tó wà níta nìyí." Ìyàwó mi wo ìwé náà pẹ́. Kò sọ nǹkan kan níbẹ̀. Inú ọkọ̀ tó ń bọ̀ sí Agric ni ó ti di ọwọ́ mi mú, tí kò sì jù ú sílẹ̀ títí a fi bọ́ sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìfúnpá mi jẹ́ 134 lórí 82, ṣúgà jẹ́ 119. Wọ́n ti kọ sildenafil mílígírámù 50 fún mi. Mo ti lò ó lẹ́ẹ̀mejì, mi ò jẹun ọlọ́ràá ṣáájú, orí fọ́ mi díẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo jí, mo rí i pé ti ìdájí ti padà, kò pẹ́, ṣùgbọ́n ó wá.

Ìyàwó mi ní kí n bi dókítà ní ohun kan tó tijú láti béèrè níbẹ̀: ṣé oògùn yìí lè ṣe òun ní nǹkan, bí oyún bá tún dé?

Dókítà Ẹ̀bá Ọ̀sà (alẹ́ ọjọ́ kan náà)

Ẹ bá mi kí màmá gan-an. Rárá, ara yín ni oògùn náà ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí ohun tó fi hàn pé ó ń pa ìyàwó lára tàbí pé ó ń ba irúgbìn inú àtọ̀ jẹ́. Ẹ mú ìwé ìfúnpá tí ẹ ń kọ sílẹ̀ dání bí ẹ bá ń padà lọ, kí ẹ sì sọ ti ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn fún dókítà yín, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó dín oògùn náà kù.